ÌWÉ ÌFẸ́: ṢÉ KÍ ÌYÁ SUN ÚN NÍNÁ NI, ÀBÍ KÓ JÓKÒÓ GBỌ́ Ọ?

Ìyá onírẹsì kan béèrè. Àwọn ọlọ́jà, télọ̀, onídìrí àti mẹkáníìkì fi ẹnu ara wọn dá wọn lóhùn

Lẹ́tà kan ló bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Ìyá kan tí wọ́n ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló rán ọmọ aládùúgbò wọn kan níṣẹ́ pé kó kọ̀wé sí ojú ìwé lẹ́tà wa. Lẹ́tà náà lọ báyìí: "Mo ń tún yàrá ṣe ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo ní kí n gbé mátírẹ́ẹ̀sì ọmọ mi obìnrin sínú oòrùn. Ọmọ ọdún 17 ni. Kí ni mo rí lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì? Ìwé 11! Gbogbo èèpo ìwé náà, ọkùnrin ló gbá obìnrin mọ́ àyà. Ọ̀kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ọkùnrin náà kò wọ ẹ̀wù rárá. Èmi kò mọ̀wé kà. Mo ti gbé kẹrosíìnì jáde, ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi, ni ọkàn mi bá ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ṣé kí n sun ún ni, àbí kí n dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan?"

Olóòtú wa ka lẹ́tà yìí tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kéré jù nínú wa. Bọ́ sí ìgboro, kó o bá wa wádìí ẹ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹjọ́ ti wà láàárín èmi àti ìwé ìfẹ́ tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé girama, tíṣà ká ọ̀kan mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìṣirò. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Wọ́n gba ìwé náà, wọn ò sì dá a padà mọ́. Ìwé ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe tèmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín. Dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan ló wà nínú ẹ̀, ìjà ni wọ́n ń jà lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà dé. N ò mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe já sí.

Mo mú báírò, mo mú ìwé, ó di ọjà.

BÀBÁ ONÍWÈÉ NÍ DÙGBẸ̀

Bàbá kan wà ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ìwé ìfẹ́ ni mo ń wá."

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Irú èwo? Ṣé o rò pé gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ni? Ẹ̀wà gan-an, olóyin ń bẹ, funfun ń bẹ."

Ni wọ́n bá mú ọ̀pá kan, wọ́n ń tọ́ka. "Èyí ni ti dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ìdì yìí, ti ọ̀gá olówó àti ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Ti ayé àtijọ́ nìyẹn, àwọn lọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn àti ọlọ́pàá ló wà nínú èyí, ìfẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti onígbàgbọ́ nìyí, wọ́n á dé ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó fẹnu kora wọn lẹ́nu. Èyí tó kù yìí, ti ilé wa ni. Kì í pọ̀ lọ́wọ́ mi, tó bá ti dé, wọ́n ti gbé e lọ."

Mo béèrè ẹni tó ń rà á. Bàbá ní, "Gbogbo yín náà ni. Ọmọ iléèwé ń rà, ìyàwó ilé ń rà, nọ́ọ̀sì ń rà. Ọkùnrin náà ń rà, àmọ́ ọkùnrin á ní ìyàwó òun ló rán òun."

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tí kò bá mọ̀. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Mills & Boon, ọkùnrin méjì ló ni orúkọ náà, Gerald Mills àti Charles Boon. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1908. Oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n gbájú mọ́ ti ìfẹ́. Ní 1971, ilé iṣẹ́ Harlequin ti Kánádà rà wọ́n. Bí ẹkún ti wù kó pọ̀ tó láàárín ìwé, ìparí gbọ́dọ̀ dùn. Ẹni tó bá ra ìwé náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó.

NỌ́Ọ̀SÌ NÍ IRỌ́ NI

Nítorí ẹjọ́ tèmi, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ lọ. Màmá kan ń bẹ ní Sángo tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo béèrè ìwé dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, mo ka ìwé yẹn títí. Òun gan-an ló mú mi ṣe nọ́ọ̀sì! Mo wá dé wọ́ọ̀dù. Nínú ìwé, dókítà á wo ojú nọ́ọ̀sì lórí aláìsàn. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, bí dókítà bá wo ojú mi, sìríǹjì ló ń wá. Aláìsàn ń ké lápá ọ̀tún, iná lọ lápá òsì, ẹsẹ̀ mi wú. Ta ló ráyè ìfẹ́?"

Mo ní, "Mà, ṣé ẹ wá kórìíra ìwé náà nígbà tí ẹ rí i pé irọ́ ni?"

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí n ó fi kórìíra ẹ̀? Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí n ò rí oorun sùn, òun náà ni mo máa ń kà. Mo ti rí ẹni tó kú lálẹ́ yẹn. Mo fẹ́ ka ibi tí kò sí ẹni tó máa kú."

Mo wá sọ ti ẹgba mẹ́fà mi fún wọn. Mo ní títí di òní, n ò mọ̀ bóyá dókítà yẹn fẹ́ nọ́ọ̀sì náà.

Màmá fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ó fẹ́ ẹ. Wọ́n máa ń fẹ́ra wọn ni. Ẹgba tó o jẹ yẹn, ó jẹ́ lásán."

"Ó Ń BÚ MI NI!"

Láti ibẹ̀, mo dé ọ̀dọ̀ télọ̀ obìnrin kan ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Bí mo ṣe dá ọ̀rọ̀ ìwé olówó sílẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Àǹtí télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá akọ̀ròyìn, mo ka tó ogún nínú ìwé yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyí: ọkùnrin kan wà, ó ga, ó lówó, ojú ẹ̀ le bí òkúta. Ọmọbìnrin kan wá bá a ṣiṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ó ń jágbe mọ́ ọn, ó ń fura sí i pé owó òun ló ń lé. Ó wá ku bí ewé mẹ́wàá kí ìwé parí, ló bá ní ìfẹ́ ló ń pa òun. Ìfẹ́ ibo nìyẹn? Ọkùnrin tó bá fi oṣù mẹ́ta bú mi, kò fẹ́ràn mi. Ó ń bú mi ni!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó tẹ́jú mọ́ aṣọ tó ń gán, ó ní, "Ẹ má bínú o, Àǹtí. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ṣẹ̀ ẹ́, òun ṣì í mú, kó dárí ji òun. Ọkùnrin mélòó lẹ ti rí ládùúgbò yìí tó bẹ ìyàwó ẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ibi ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo ń lé. Nígbà míì, mo máa ń ṣí i ka ìparí lákọ̀ọ́kọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rọ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àǹtí ní, "Ìyẹn náà kúkú wà níbẹ̀," wọ́n sì mú síṣọ́ọ̀sì wọn.

Ọmọ iṣẹ́ kejì ní ohun tó jẹ òun lógún yàtọ̀. Kíláàsì kẹta girama ló ti kúrò níléèwé nítorí owó. Ó ní, "Òyìnbó tí mo ń sọ fún kọ́sítọ́mà, inú ìwé yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí n ò bá mọ̀, mo máa fàlà sí i nídìí. Ẹ wo ìwé mi, ilà ló kún ibẹ̀."

LỌ́Ọ̀DÙ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ DÉ GBÁGI

Màmá aláṣọ kan ní Gbági ní ti ayé àtijọ́ nìkan ni àwọn máa ń kà. Wọ́n ní ìwé Barbara Cartland tó cún àpótí kan. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì nì kọ ju 700 ìwé lọ kó tó kú ní ọdún 2000.

"Aṣọ inú ẹ̀ ni mo fẹ́ràn," ni Màmá wí. "Á sọ irú sílíìkì tí wọ́n wọ̀ fún ẹ, irú léèsì tó wà lọ́rùn, bí bọ́tìnnì ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe rí. Bí mo bá ń kà á, ó dà bí ẹni pé mò ń tú bélì aṣọ tuntun. Àmọ́ ohun kan máa ń bí mi nínú. Bàbá ọmọ yẹn á kú, á fi owó sílẹ̀ fún un. Gbogbo ọkùnrin á máa lé e kiri nítorí owó náà, ẹ̀rù á máa ba ọmọ. Kí ló dé tí kò fi owó ẹ̀ ra ọjà, kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù?"

Mo ní, "Màmá, òfin wọn ni. Láyé ìgbà náà, bí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọlé ọkọ, owó ọwọ́ ẹ̀ di ti ọkọ. Òfin ọdún 1870 tú u sílẹ̀ díẹ̀, ti 1882 ló wá fún obìnrin tó lọ́kọ ní agbára lórí dúkìá ara ẹ̀."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Háà! Kí n kó aṣọ mi wọlé, kó di ti ọkọ mi? Àgbẹdọ̀! Bàbá àwọn ọmọ mi mọ yàrá mi, kò mọ ìsàlẹ̀ àpò mi." Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó wá yé mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ lọ́ọ̀dù yẹn wò fún odindi ìwé kan. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn rere, ọmọ yẹn ti gbé nìyẹn, ayé ẹ̀ ti tán. Èmi rò pé ó kàn ń ṣakọ ni."

Ẹni tó ń ta bùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i pé ká máa ṣòwò dáa ju lọ́ọ̀dù lọ."

ÀWỌN ỌKÙNRIN NÍ ÀWỌN Ò KÀ Á

Ní Àràrọ̀mí, lágbègbè Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Ìwé ìfẹ́ kẹ̀! Ìwọ náà wá iṣẹ́ ọkùnrin ṣe." Òmíràn ní òun kórìíra ìwé náà dénú egungun. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti ń kà á, ó ní kí n máa pe òun ní dálìn. Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi! Pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì òìlì lọ́wọ́!"

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ẹnì kan tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun ń ka èyí tó ní ìbọn. Láti orí James Hadley Chase ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sórí èyí tí ọlọ́pàá àti obìnrin tó ń ṣọ́ á fẹ́ràn ara wọn. Ó ní, "Èmi àti ìyàwó mi jọ ń kà á ni. Bí òun bá kà á tán, á fún mi. Èmi ń wá ibi ìbọn, òun ń wá ibi ìfẹ́. Lálẹ́, a ó wá máa jiyàn. Ká má ríyẹn, owó iléèwé ọmọ àti owó ilé nìkan la mọ̀ ọ́ sọ síra wa."

Mo bi í kí ló dé tó fi pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "O ò gbọ́ bí wọ́n ṣe fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

TI ILÉ WA DÀ?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Òyìnbó ló kọ́ Yorùbá bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin nínú ìwé. Láti 1929 wọ 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Lẹ́tà lẹ́tà ló ń jáde, bí ẹni pé arúgbó obìnrin kan tó ń ṣàìsàn ló ń ròyìn gbogbo ọkùnrin tó bá lò láyé. Àwọn ènìyàn gbà pé òótọ́ ni, àwọn náà ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ni, ìparí ẹ̀ kò dùn, síbẹ̀ wọ́n ń dúró dè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di 1967, Atọ́ka dé, ìwé eré onífọ́tò tó ti kógbá sílé báyìí. Ẹni tí kò mọ̀wé dáadáa á wo àwòrán, á sì mọ ẹni tó ń tan ẹnì kejì jẹ.

Ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé Ó Le Kú jáde. Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wá lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, yóò sọ fún yín: ìró kúkurú àti bùbá ọlọ́wọ́ fífẹ̀ tí wọ́n wọ̀ nínú fíìmù náà, òun ni gbogbo ìlú ń rán, tí wọ́n ń pè ní Olékú. Àǹtí télọ̀ ti Mọ́kọ́lá ní orí ẹ̀ ni àwọn ti kọ́ bí a ṣe ń gé ọwọ́ bùbá.

Ní èdè Òyìnbó náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń kọ ọ́. Ní 1977 ni Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Pacesetters, àwọn ìwé kékeré tí ọmọ Áfíríkà kọ. Helen Ovbiagele kọ Evbu My Love sínú ẹ̀ ní 1980. Ní 2015, Ankara Press gbé ìtàn kúkúrú ìfẹ́ jáde fún ọjọ́ Falẹntáìnì, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìyá aláta kan sọ fún mi ní Bódìjà. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá. Wọ́n ní, "Bí mo bá béèrè ìwé ìtàn, Fágúnwà ni wọ́n ń gbé fún mi. Ìwé dáadáa ni, àmọ́ iwin pọ̀ nínú ẹ̀. Ènìyàn ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ ti ẹni tó ti dàgbà. Gbogbo èyí tí ọmọ mi ń kà, ọmọ ogún ọdún ló wà níbẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ mi kú. Ṣé ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni? Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ ọ́."

Ìyá, mo ti bá yín sọ ọ́ nìyí o.

ÈYÍ TÓ GBÓNÁ

N ò ní bò ó mọ́lẹ̀: àwọn kan gbóná. Onídìrí kan ní Sángo ní orí fóònù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ti ń ka tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́ dùn ni wọ́n á ti dúró, wọ́n á ní kó o sanwó kó o tó ka ìyókù.

Ó ní, "Ọ̀kan wà níbẹ̀, ọkùnrin fipá mú ọmọbìnrin, ọmọbìnrin wá fẹ́ràn ẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo pe gbogbo wọn jọ. Mo ní èyí kì í ṣe ìfẹ́, ẹjọ́ ọlọ́pàá ni. Ìfẹnukoni kò dẹ́rù bà mí, àwọn náà á lọ́kọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni kí ọmọ rò pé bí ó bá dun òun, ìfẹ́ ni."

Ìyá méjì tó jókòó fún irun ní kó sun fóònù. Ẹ̀kẹta ní, "Fóònù tí mo ṣì ń san gbèsè ẹ̀?"

ṢÉ SÍSUN Ń TÁN AN?

Ọ̀rọ̀ sísun yìí ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlùbọ́sà, àwọn ará Òkè Ọya. Ní Kánò, àwọn obìnrin ń kọ ìwé ìfẹ́ ní èdè Haúsá, soyayya ni wọ́n ń pè é, ọjà ni wọ́n sì ti ń tà á. Balaraba Ramat Yakubu kọ Alhaki Kuykuyo Ne ní 1990, ìtàn ọkọ tó lé ìyàwó ilé jáde pẹ̀lú ọmọ nítorí obìnrin míì, tí ìyàwó náà sì ń se oúnjẹ tà kó lè bọ́ wọn. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Òyìnbó, ó jáde ní Íńdíà ní 2012. Àwọn kan bínú sí irú ìwé wọ̀nyí pé wọ́n ń ba ọmọbìnrin jẹ́. Ní 2007, wọ́n dáná sun ún ní gbangba ní Kánò, ìjọba lọ́wọ́ sí i.

Mo bi oníṣòwò àlùbọ́sà kan bóyá ìwé náà tán lẹ́yìn iná yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ń kà á lórí fóònù báyìí. Iná ò mọ fóònù."

MO PADÀ SÍ BÓDÌJÀ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ bá ìyá onírẹsì wa. Ọ̀sán ni, ọjà ti tutù. Mo rí ìyá bíi méje tó yí òṣùwọ̀n ìrẹsì ká. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpò ẹ̀wà, ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń kà á ní Òyìnbó, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Bó bá dé ibi kan, ọ̀kan á kígbe pé, "Má dá a lóhùn!" Òmíràn á ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ ná!"

Mo ní, "Mà, ẹ ò sun ún mọ́?"

Ìyá fà mí sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń retí èsì lẹ́tà, ọkàn àwọn kò balẹ̀, ni àwọn bá pe ọmọ jókòó lálẹ́ pé kó ka ọ̀kan sétí àwọn, kí àwọn mọ ohun tí àwọn fẹ́ sun. Ìwé olówó ló mú. Ó kà á dé ibi tí ọ̀gá ti ní kí ọmọbìnrin náà dúró sẹ́yìn nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ. Ìyá ní, "Mo kàn bi í ni. Mo ní, bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe? Ọmọ dákẹ́. Mo tún bi í. Ni ẹkún bá bọ́."

Ọ̀rọ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan níbi tó ti ń gba lẹ́sìnnì fún ìdánwò ti ń dà á láàmú láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní kó máa wá sílé òun bó bá fẹ́ yege. Kò tíì lọ. Kò sì mọ ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àti àbúrò wọn ọkùnrin lọ bá onílé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n gba owó wọn, wọ́n mú ọmọ kúrò, ó ti wà níbòmíràn báyìí. Onílé ẹ̀kọ́ ní òun ti lé ọkùnrin náà. Ìyá ní àwọn ṣì ń ṣọ́ ibẹ̀, nítorí ọmọ ẹlòmíràn.

Wọ́n wá wò mí lójú. "Akọ̀wé, ká ní mo ti ṣáná sí i ní Sátidé yẹn ńkọ́? Ọmọ mi á mọ̀ pé ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin, iná ni ìyá òun ń wá. Ṣé á tún sọ ti ọkùnrin gidi fún mi?"

N ò rí èsì fọ̀. Mo béèrè ìwé 11 náà. Mẹ́wàá wà lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti dá ẹyọ kan padà fún ẹni tó ni ín. Mo rò pé ti ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù ni.

"Rárá o!" ni Ìyá wí. "Ìyẹn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n kàn ya ọkùnrin yẹn síbẹ̀ lásán ni. Èyí tó ya òdòdó sí èèpo ni mo ní kó pa dé. Nígbà tó bá lọ́kọ, kó lọ kà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èmi kì í ṣe adájọ́. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ẹni tó ń ka ti dókítà ń sá fún ikú. Ẹni tó ń ka ti olówó ń wá ẹni tó máa bẹ òun. Aláṣọ ń wá léèsì, aláta sì ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Èyí tó bá fi ipá pe ara ẹ̀ ní ìfẹ́, ó yẹ kí ẹni tó dàgbà wà níbẹ̀ láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ti sun ún, a ò ní sí níbẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yín ń kà? Ẹ̀yin ọkọ, ìgbà wo lẹ bẹ ìyàwó yín gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, ìyá aláta ń dúró o. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó rán ọmọ aládùúgbò. Ẹ rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ṣe bẹ̀rẹ̀.